Ẹnì Kejì Nínú Ilé Kọkànlélógójì

Ìyá náà ti ń wọ inú ògiri lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹní tó jókòó lé. Nígbà tí mo fi ka ogún, orí àti apá kan ló kù lójú ẹ̀rọ ayàwòrán mi. Nígbà tí mo fi ka ọgbọ̀n, ògiri nìkan ni mo ń wò. Mo gbójú sókè. Ó wà níwájú mi níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń wò mí.

Mo ní kó jọ̀ọ́ mira díẹ̀. Ó ní òun ti mira lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, Ìyá Àsàbí. Ẹ̀rọ yìí, tẹ́ ẹ bá ti dúró jẹ́ẹ́, ògiri ló máa pè yín."

"Ẹ sọ fún un pé èmi kì í ṣe ògiri."

Ìgbà kẹrin nìyí láàárọ̀ yìí. Ní ìgbà kejì, mo ní kó máa bó ẹ̀gúsí tó wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bó o. Ẹ̀rọ yọ ọwọ́ méjì, kò yọ ohun mìíràn. Ọwọ́ méjì ń bó ẹ̀gúsí nínú òfìfo. Kóòtù kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu ọwọ́. Ní ìgbà kẹta, mo ní kó máa mì síwájú sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá ọmọ ni òun ń rẹ̀ lẹ́kún.

Mọjírádé, akọ̀wé kóòtù tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wàláà òfin rẹ̀. Wàláà náà ń tàn. Ó ní ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kóòtù tó pè. Ó ti sọ ti wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ó ti sọ ti wákàtí kan àti ọgbọ̀n. Mo ní mo gbọ́.

Ó tún ka òfin. Gbogbo ilé tá a bá dé ló ti ń kà á. Adájọ́ kò gbọdọ̀ rí ojú ẹni tó ń jẹ́jọ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ rí ibi tó ń gbé, kó má baà ṣojúsàájú. Ayọni ni yóò yọ ènìyàn kúrò nínú àwòrán ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò fi àwọ̀ eérú bo ojú àti aṣọ rẹ̀. A ó wá gbé e síwájú adájọ́ bí ẹni tí kò ti ibì kankan wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe ayọni. Mọjírádé mọ̀ pé mo mọ òfin náà. Ó kà á dé òpin.

Àwọn ará àdúgbò ń pè wá ní ayọnilẹ́nu. Mi ò bá wọn jà sí i.

Ẹ̀rọ omi ló pè wá sí ilé yìí. Ó wà lára ògiri ní igun yàrá, ẹnu irin kan àti dígí kékeré kan lókè rẹ̀. Dígí náà ń fi ilà kan hàn, ilà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń mu omi nínú ilé. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ilà méjì ló ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ilà kan ní Ìdó Tuntun. Láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀, orí òkè yìí kò gba gbogbo wa. Ẹnìkan kì í dá gba ilé. Ẹni tó bá ku òun nìkan, ilé àgbékà ló ń lọ, àjà kẹtàlélọ́gbọ̀n, yàrá tí ẹní kan gbà. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá tán gan-an ni wọ́n ń kó o. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á wó ilé rẹ̀, wọ́n á wú ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, wọ́n á ri òpó irin ilé àgbékà mìíràn sí i.

Láàárín yàrá Ìyá Àsàbí, sìmẹ́ńtì tuntun wà nílẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó gígùn ènìyàn.

Kò sí ilẹ̀ fún òkú lórí òkè yìí. Iná ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ iná fún òkú rẹ̀ kì í fi ikú náà sùn. Mo wo sìmẹ́ńtì náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wọlé, mo gbójú kúrò. Mo mọ ọkọ Ìyá Àsàbí lójú. Arówólò lorúkọ rẹ̀. A jọ máa ń tò fún omi nígbà tí wọn ò tíì fi ẹ̀rọ sílé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí ó bá kí ọ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Mọjírádé kọ́kọ́ wọlé, àárín yàrá ló fẹ́ gbà. Ìyá Àsàbí ní, "Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Ó wo aṣọ dúdú tó wà lára ìyá náà. Ó wo agbádá tó wà lára ìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò kọ nǹkan kan sínú wàláà.

Ọ̀nà kan ló kù, ìyẹn àwòrán òfìfo. Tí ẹ̀rọ bá ti kọ́kọ́ rí yàrá láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ohun tó bá wá lé sí i lẹ́yìn náà, ènìyàn ni yóò pè é, ìbáà jókòó jẹ́ẹ́ títí di alẹ́. Ìṣẹ́jú kan ló ń gbà. Mo ní kí Ìyá Àsàbí bọ́ síta fún ìṣẹ́jú kan.

Ó ní òun kò ní jáde.

Mọjírádé ní ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ó ní òun kò ní jáde. Mo ní kó tiẹ̀ na ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro kó dúró níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sọ ìsọkúsọ.

"Ogójì ọjọ́ ni opó fi ń jókòó," ló wí. "Mo ti jókòó fún mẹ́tàlélógún. Ó ku mẹ́tàdínlógún. Kó tó pé ogójì, ó ṣì ń bẹ nínú ilé, kò tíì mọ ọ̀nà. Tí mo bá jáde, ta ni mo fi í sílẹ̀ fún? Tí wọ́n bá wá wú u, ibo ni kó gbà?"

Mọjírádé ní òun kò gbọ́ ohun tí ìyá sọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kóòtù. Lẹ́yìn náà ó ní, pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, pé kóòtù kò ní gbọ́ ọ náà, torí wọn kì í gbọ́ ohun tó jẹ mọ́ ilé ẹni. Òótọ́ ni. Jíjẹ́ opó wà lára ohun tí wọ́n ní ká yọ kúrò.

Mo jókòó sórí àga. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà. Mo bínú sí ẹ̀rọ, mo bínú sí òfin, mo bínú sí ìyá arúgbó tí kò lè na ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro fún ìṣẹ́jú kan láti fi gba ilé ara rẹ̀. Eékún mi ń dùn mí. Mọjírádé ní ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú.

Mo dìde. Mo ní kí Ìyá Àsàbí jókòó sápá òsì yàrá. Mo ya apá ọ̀tún. Mo ní kó wá bọ́ sápá ọ̀tún kí n lè ya apá òsì. Tí mo bá so méjèèjì pọ̀, yóò di yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò sì kúrò níbẹ̀. Kìkì pé kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mira. Tó bá fi bí irun orí mira, ó ti bàjẹ́.

Kò ní gba àárín kọjá, mo mọ̀. Ó di ara rẹ̀ mú mọ́ ògiri. Ó gbé ẹní rẹ̀ sábẹ́ abíyá. Mọjírádé fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó fi sílẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri àkọ́kọ́, ó sinmi. Ó gba ti èkejì, ó sinmi. Ó bi mí lójú ọ̀nà bóyá iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi dàgbà. Mo ní òun ni. Ó ní ó mà ṣe o. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi rìn yí yàrá tí ìṣísẹ̀ márùn-ún ì bá gé kọjá. Èmi dúró ti kámẹ́rà, mi ò jẹ́ kí ohunkóhun fọwọ́ kàn án.

Mọjírádé ní òfin sọ pé kí yàrá ṣófo. Mo ní òfin sọ pé kí àwòrán ṣófo. Ó yẹ wàláà rẹ̀ wò títí. Ó ní àwòrán ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó ku agbádá.

Agbádá sányán ni, ó wúwo, ó fẹ̀, ó wà lára ìṣó ní gíga ọkùnrin tó dúró. Ohun tó bá lè mira, ayọni gbọ́dọ̀ gbé e kúrò kó tó ya ẹ̀rí. Mo sọ fún Ìyá Àsàbí. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í já aṣọ òkú lára ìṣó títí ẹbí yóò fi pín in ní ogójì ọjọ́. Mo ní kí á kàn ká a sínú àpótí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n lọ ká ara mi sínú àpótí.

Mi ò tún bá a sọ ọ́. Mo ti fèrèsé. Atẹ́gùn kò sí mọ́, agbádá náà dúró jẹ́ẹ́ bí ògiri. Fèrèsé di ti Mọjírádé láti ìgbà náà. Akọ̀wé ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó wà nínú òfin tó ń kà.

Ìgbà kan péré ni a lè ya ẹ̀rí. Gbogbo ohun tá a ti ń ṣe láti àárọ̀, ìdánwò ni. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra bí mo ṣe ń búra: ohun tí ẹ̀rọ bá yọ, ọwọ́ mi kò ní fi kún un, ọwọ́ mi kò ní dín in kù. Mo tẹ ẹ̀rọ. Iná pupa tàn. Nígbà tí iná pupa bá tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn àfi ẹni tó ń jẹ́jọ́.

Ìyá Àsàbí sọ tirẹ̀. Kò gùn. Ó ní ilé òun nìyí. Ó ní òun àti ọkọ òun ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, ọkọ òun ń po yẹ̀pẹ̀, òun ń gbé omi. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni du ilé. Òun kò tíì ṣe tán níbẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń sọ èyí ni ooru ti mú Mọjírádé. Aṣọ kóòtù nípọn, ó sì bo ọrùn. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó fi ìgúnpá ti fèrèsé, díẹ̀ péré, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Atẹ́gùn orí òkè wọlé.

Apá agbádá gbéra.

Mo rí i. Iná pupa ń tàn. Mi ò fọhùn.

Nígbà tí iná kú, mo wo ojú ẹ̀rọ. Ìyá Àsàbí wà níbẹ̀, ó pé láti orí dé ẹsẹ̀, ó jókòó nínú òfìfo. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan dúró. Ó fẹ̀ láyà. Apá rẹ̀ ń gbéra díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá náà. Ó ní orí. Ohun tí ẹ̀rọ bá yọ, dandan ni kó fi eérú bo orí rẹ̀, tí kò bá sì rí orí, á fi ọ̀kan síbẹ̀.

Mọjírádé wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kàn án. Ó ní kí á tún un yà. Mo ní ìgbà kan péré ni.

"Ẹ sọ fún adájọ́ nígbà náà, Bàbá. Ẹ ní agbádá ni."

"Wọ́n á bi mí ohun tó mú agbádá mira."

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ṣì ṣí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀. Ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ń mu omi lórí iṣẹ́ náà.

"Wọ́n á sì bi mí ẹni tó ni ín," mo wí. "Wọ́n á bi mí ibi tó wà."

Kò wo ilẹ̀. Ó rí i pé òun kò wo ilẹ̀.

Mo jókòó. Ó ku oṣù méjì kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò parọ́ fún kóòtù rí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní Ilé Kẹsàn-án, mo lọ yọ tọkọtaya kan. Àrùn ti dá ọkọ dùbúlẹ̀, kò lè gbé ìka. Ẹ̀rọ yọ ìyàwó, ó pe bàbá náà ní bẹ́ẹ̀dì. Adájọ́ bi mí pé ènìyàn mélòó. Mo ní ẹ̀rọ yọ ẹnìkan, ṣùgbọ́n bàbá kan wà níbẹ̀ tí kò lè mira. Adájọ́ ní, "Ayọni, ohun tí ẹ̀rọ yọ la bi yín." Wọ́n kó wọn lọ sí àjà kẹtàlélọ́gbọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá náà kò lo oṣù kan níbẹ̀.

Mo bi Ìyá Àsàbí bóyá ó rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó ní ojú òun kò ríran dé ibẹ̀. Mo yí i sí i. Ó fà súnmọ́ ọn, ó wò ó. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó ní orí Arówólò kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Agogo kóòtù dún.

Ohùn adájọ́ jáde láti inú wàláà Mọjírádé. A kì í rí òun náà. Ó pe Ilé Kọkànlélógójì, ó ní òun ti wo ẹ̀rí. Ó ní ẹ̀rọ omi sọ pé ẹnìkan ló wà nínú ilé náà, àwòrán sì ń sọ ohun mìíràn.

"Ayọni, ènìyàn mélòó ni ẹ̀rọ yọ?"

Mo wo Ìyá Àsàbí. Kò wò mí. Sìmẹ́ńtì ló ń wò.

"Ẹni méjì ni ẹ̀rọ yọ."

"Ọwọ́ yín kàn án?"

"Ọwọ́ mi kò kàn án."

Mo gbọ́ bí adájọ́ ṣe ń mí. Ó ní, "Ẹnì kejì dúró títí dé òpin. Kí ló dé tí kò jókòó?"

"Àga kan ló wà nínú yàrá."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo jókòó lé e.

Adájọ́ wá bi Ìyá Àsàbí bóyá ẹnì kejì ní ohun tó fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," ló dáhùn. "Bó ṣe wà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Ó ku akọ̀wé. Adájọ́ bi í pé ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá náà bá òfin mu. Mọjírádé di wàláà rẹ̀ mọ́ àyà. Èmi ti dáhùn tèmi, ó sì rọrùn fún mi, torí ohun tí wọ́n bi mí nìkan ni mo sọ. Ti ọmọbìnrin yìí kò ní ibi tí yóò gbà yẹ̀ ẹ́.

"Ó bá òfin mu," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó tún un sọ.

Adájọ́ ní ẹ̀rọ omi ló ṣì í kà. Ilé ẹni méjì ni. Ẹjọ́ tán. Ohùn rẹ̀ lọ.

Dígí ara ògiri dún kẹ́, ilà méjì jáde níbẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti ẹnu irin náà, ti ẹni méjì, ó ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí kò sí ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Mọjírádé ti fèrèsé. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àsàbí, ó ṣàlàyé fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Omi náà gbọ́dọ̀ máa tán lójoojúmọ́. Tí ilà bá tún padà di ọ̀kan, wọ́n á tún rán ayọni, ó sì lè má jẹ́ bàbá yìí. Ìyá Àsàbí bi í pé kí ni òun yóò fi omi tó tó báyìí ṣe. Arówólò gan-an kì í mu tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó máa lò ó. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni.

"Ẹ̀yìn ìyẹn, kí wọ́n wá," ló wí. "Á ti mọ ọ̀nà."

Ó dìde. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dìde. Ó di ògiri mú, ó lọ gbé korobá sábẹ́ omi. Ó mú ife irin kan lórí pẹpẹ, ó bu omi kún un, ó gbé e padà lọ. Ó gbé e kalẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó sì padà sórí ẹní rẹ̀.

Mo tú kámẹ́rà kúrò lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo kó ẹrù mi sápò. Mo dágbére fún un. Ó ní kí n tọ́jú eékún mi.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde.